Bẹ́ ẹ ṣe máa wa mọ́tò gba abẹ́ ìlú Boston kọjá láì bá ara yín ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ̀ ń gbé Abuja, tọ́mọ yín bímọ sí Boston tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, àtẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ háyà mọ́tò níbẹ̀ torí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín. Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún òtútù. Òtútù kẹ̀? Kóòtù la ó wọ̀. Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi kí n tó kúrò ní Kubwa ni pé odidi ẹ̀sípírẹ́sì wà lábẹ́ ìlú yẹn, lábẹ́ ọ́fíìsì, lábẹ́ ojú irin, tí mọ́tò ń sáré nínú ẹ̀ tọ̀sán tòru, tí ọ̀nà tún ń pín sọ́tùn-ún sósì nínú ihò níbẹ̀.

Wíwa mọ́tò kì í ṣe tuntun sí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé Corolla mi láti Kubwa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse, mo mọ gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ilé mi bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ọkọ ọmọ mi wá ní "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹ lè bá mi lọ gbé Tóyìn ní South Station, bọ́ọ̀sì ẹ̀ láti New York á wọlé ní aago mẹ́rin," mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, mi ò tiẹ̀ béèrè ọ̀nà. Randolph ni wọ́n ń gbé, apá gúúsù Boston, I-93 ló máa gbé èèyàn wọ̀lú láti ibẹ̀. Mo tẹ̀lé fóònù. Fóònù ní kí n mú ọwọ́ ọ̀tún, mo mú ọ̀tún, ọ̀nà tún pín, fóònù dákẹ́, mo ní kí n dúró díẹ̀ kó sọ̀rọ̀, kó tó sọ̀rọ̀ mo ti wọ abẹ́ òkun. Abẹ́ òkun o! Ted Williams Tunnel ni wọ́n ń pè é, ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i, Logan ló sì ń gbé èèyàn lọ, ìyẹn pápákọ̀ òfurufú wọn. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ni mo lọ gbé, ibi tí pléènì ti ń gbéra ni mo bá ara mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ihò tí I-93 gbà lábẹ́ ìlú, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, bí ọ̀nà yẹn ṣe lọ́ kò ní yà yín lẹ́nu mọ́. Boston kì í ṣe ìlú tí wọ́n jókòó yà sórí pépà bíi Abuja. Láti 1630 ló ti wà, títì ẹ̀ tóóró, ilé fún mọ́ra. Ní 1959 wọ́n wá gbé ẹ̀sípírẹ́sì kan sórí òpó, wọ́n fi la àárín ìlú já, àwọn àdúgbò kan dẹni tí bíríjì pín níyà. Mọ́tò ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin lójúmọ́ ni wọ́n rò pé á máa gbà á, nígbà tó máa fi di bíi 1990 ó ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ẹ fojú inú wo họ́ldọ́ọ̀pù Nyanya kí wọ́n wá gbé e sórí bíríjì ní àárín Wuse, kó máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún. Ni wọ́n bá ní àwọn á rì í mọ́lẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni ìjọba wa kó láti Èkó wá sí Abuja, ẹ lè fi rántí. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀, mọ́tò ń gba bíríjì àtijọ́ lókè, kò dúró lọ́jọ́ kan. 2003 ni wọ́n tó ṣí i, èyí tó ń lọ sí àríwá ní oṣù kẹta, èyí tó ń lọ sí gúúsù ní oṣù kejìlá. Owó gbogbo iṣẹ́ náà, àti Ted Williams, tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fẹ́rẹ̀ẹ́ di bílíọ̀nù 15 kó tó parí, kẹ́ ẹ má baà rò pé Nàìjíríà nìkan ni owó kọ́ńtíráàtì ti ń wú bíi búrẹ́dì. Wọ́n wá wó bíríjì yẹn, wọ́n gbin òdòdó àti igi síbẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni báyìí, Greenway lorúkọ ẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ áísìkirímù, ẹ ò ní mọ̀ pé mọ́tò ń sáré lábẹ́ ìdí yín. Tọ́nẹ̀lì náà ò gùn, bíi kìlómítà méjì ààbọ̀ báyìí. Àmọ́ ó ní láti yẹra fún ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ilé, ìyẹn ló fi ń yí, tó ń lọ sísàlẹ̀, tó tún ń gòkè.

Ó dáa, ká wọnú iṣẹ́.

Ní Abuja, tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀nà, ojú ọ̀nà náà lẹ ti máa tún un ṣe. Ẹ máa rọra pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa bi mállàm tó ń ta súyà, ẹ máa bi ọlọ́kadà, tójú bá wá pọ́n yín pátápátá ẹ máa fi rìfáàsì padà síbi tẹ́ ẹ kọjá (kò dáa o, àmọ́ a máa ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa). Nínú tọ́nẹ̀lì, mállàm ò sí. Ibi tẹ́ ẹ máa pa á sí ò sí, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń bọ̀ bí ọta ìbọn, kò mọ̀ pé Kubwa lẹ ti wá. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pinnu, ilé ni kẹ́ ẹ ti pinnu ẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ jókòó, ẹ ṣí máàpù, ẹ fìka tọ ọ̀nà náà láti ẹnu ilé dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ wo ẹ̀síìtì tẹ́ ẹ máa bọ́ sí, orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀, ẹ wo èyí tó ṣáájú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó kù díẹ̀, ẹ wá wo ọwọ́ tó wà, ṣé ọ̀tún ni àbí òsì. Tí ọ̀nà bá tún pín lẹ́yìn ẹ̀síìtì (tèmi pín!), ẹ wo ìyẹn náà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí pépà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín la máa bá ní Logan. Nǹkan míì tún ni pé láàárín 2020 sí 2021 wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀síìtì káàkiri ìpínlẹ̀ Massachusetts, nítorí náà tí ẹ̀gbọ́n yín kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ bá ní "ẹ bọ́ sí ẹ̀síìtì báyìí báyìí," ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ ló wà lórí ẹ̀. Orúkọ ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ má bínú sí fóònù, kò jẹ̀bi. Sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún un, òkè lọ́hùn-ún ló wà, ohun tó ń rán wálẹ̀ ò sì lè gba inú ilẹ̀ àti kọnkéré kọjá. Tí fóònù ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, á kàn máa fojú díwọ̀n ni, á ní "tí wọ́n bá ń sáré bí wọ́n ṣe ń sá bọ̀, ibí ló yẹ kí wọ́n dé," tẹ́ ẹ bá wá bá họ́ldọ́ọ̀pù nínú ẹ̀, gbogbo ìṣirò ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé títì kékeré wà lórí tọ́nẹ̀lì yẹn gan-an, lọ́gán lókè orí yín, fóònù lè rò pé òkè lẹ wà, á wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yà sósì. Ẹ wo òsì: ògiri. Àwọn tọ́nẹ̀lì kan ti ní ẹ̀rọ kékeré lára ògiri tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Waze ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Google Maps lórí Android náà ti ń lò ó láti 2024. Ẹ tan Bluetooth, ẹ wọ setting, ẹ lọ sí navigation, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Bluetooth tunnel beacons sí, kẹ́ ẹ tàn án. Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe lórí ìrìn. Kẹ́ ẹ sì má tìtorí ẹ̀ ju pépà nù.

Láìnì ńkọ́? Pátákó àkọ́kọ́ tó bá ti dárúkọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ bọ́ sí láìnì yín lójú ẹsẹ̀. Àwa ará Abuja, a lè wà ní láìnì kẹrin lápá òsì lórí Kubwa ẹ̀sípírẹ́sì, ká rántí Gwarinpa nígbà tá a ti rí i, ká sọ "Jésù" ká sì gé gbogbo ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dán an wò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀síìtì yín, ó ti lọ nìyẹn, ẹ máa bá ọ̀nà lọ, ẹ jáde níbi tó kàn kẹ́ ẹ yí padà lórí ilẹ̀ níbi tí fóònù ti lè fọhùn. Ó lè gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú ò pa ẹnikẹ́ni rí.

Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ yọ dígí dúdú kúrò lójú. Ẹ tan iná iwájú, kódà lọ́sàn-án gangan. Ojú èèyàn kì í tètè mọ́ra láti inú oòrùn sí inú ihò, ìdí nìyẹn tí iná ẹnu tọ́nẹ̀lì fi máa ń mọ́lẹ̀ ju ti àárín lọ lọ́sàn-án, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ojú lè rọra gbà á ni. Ẹ wo epo yín kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, torí ọ̀wọ́n epo Abuja ti kọ́ wa láti máa fi iná pupa wakọ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ ní Abuja. Ìsáré ẹ̀ jẹ́ 45, máìlì ni wọ́n fi ń kà á, ó jẹ́ bíi kìlómítà 72. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọjá yín fìà, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ wà ní láìnì yín.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín ẹ̀yin àti mọ́tò iwájú. Ẹ wo iná kan lára ògiri, tí mọ́tò iwájú bá ti kọjá ẹ̀ kẹ́ ẹ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Wọn ò ní wọ àárín yín bíi ti Berger, ẹ fọkàn balẹ̀, tí wọ́n bá sì wọ̀ ọ́ ẹ kàn tún fà sẹ́yìn. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń gòkè, ọkọ̀ ńlá máa ń rọra lọ, ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ má baà wọ̀ ọ́ nídìí. Ẹ fi họ́ọ̀nù sílẹ̀, á dún padà sí yín létí bíi bẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ wa ní Kubwa sọ pé nígbà tí wọ́n gbé òun gba ibẹ̀, ojú dídì lòun fi gbàdúrà wọlé, òun ò là á títí òun fi rí oòrùn. Ìyẹn dáa, ẹ̀yìn ló jókòó sí.

Ká ní mọ́tò kú mọ́ yín lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ má bọ́ sílẹ̀ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì wá ewé tẹ́ ẹ máa tò sẹ́yìn mọ́tò bíi ti ọ̀nà Lokoja, ewé wo ló wà nínú ihò? Ẹ tan hásáàdì, tó bá ṣì ń yí ẹ fi èyí tó kù nínú agbára ẹ̀ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó jáde síta pátápátá, tí kò bá yí mọ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pe 911 tàbí kẹ́ ẹ lo tẹlifóònù pàjáwìrì tẹ́ ẹ bá rí i lára ògiri. Kámẹ́rà wà káàkiri ibẹ̀, àwọn tó ń wò ó kì í sùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí yín kẹ́ ẹ tó tẹ nọ́ńbà tán.

Èyí tó kù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo eléyìí. Iná.

Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1999, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbiná nínú tọ́nẹ̀lì Mont Blanc tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti Ítálì. Abẹ́ òkè nìyẹn, kì í ṣe abẹ́ ìlú, ó gùn tó kìlómítà 11.6. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí táńkà tó gbiná lọ́nà Abuja máa rò pé epo ló gbé. Rárá o, ìyẹ̀fun àti mágàrínì ni, ohun tá a fi ń ṣe búrẹ́dì. Èèyàn 39 ló kú, ó sì lé ní ọjọ́ méjì kí iná yẹn tó kú. Púpọ̀ nínú wọn, inú mọ́tò wọn ni wọ́n ti bá wọn. Wọ́n gbé dígí sókè, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa wá gbà wọ́n. Èéfín ló pa wọ́n, torí níta èéfín máa ń gba òkè lọ, inú ihò kò ríbi gbà, á fò dé àjà, á wá máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó sì yára ju ẹsẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá rí èéfín níwájú tàbí tí mọ́tò dúró tí àwọn èèyàn ń sáré bọ̀, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má yí mọ́tò padà, ẹ má fi rìfáàsì, ẹ máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn panápaná ni. Ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ kí wọ́n lè ráyè sún un kúrò lọ́nà. Ẹ jáde. Kíákíá. Ẹ wo ara ògiri, ẹ wá àmì tí wọ́n kọ EXIT sí tàbí tí wọ́n ya ẹni tó ń sáré sí, ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ní afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ẹ kẹ̀yìn sí èéfín, tó bá ti dé orí yín ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ ògiri. Báàgì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ rù láti Wuse wá fún ìyàwó ilé ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó dùn yín, èmi náà rù ú, ẹ fi sílẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí táńkà epo wọ abẹ́ Boston, wọ́n sì ní ilé ńláńlá tí fáànù ẹ̀ kàn ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tó ń ti òmíì jáde, àmọ́ ẹ ti gbọ́ ohun tí mágàrínì ṣe.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé àjà ẹ̀ ti já lé èèyàn lórí rí. Òótọ́ ni, oṣù keje 2006, kì í ṣe ti I-93 náà, ti ọ̀nà I-90 tó ń lọ sí Ted Williams ni, gúlúù tí wọ́n fi di irin mú ni ò gbà á, obìnrin kan kú nínú mọ́tò. Wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n sì tún un ṣe. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì nígbà tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹ̀.

Owó: I-93 ò gba owó lábẹ́ ìlú. Ted Williams, Sumner àti Callahan, àwọn tó gba abẹ́ omi lọ sí apá Logan, wọ́n ń gba owó, láti 2016 sì ni kò ti sí ẹni tó ń na ọwọ́ mọ́, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá háyà mọ́tò, ẹ béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á bí owó yẹn ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín àti iye tí wọ́n máa fi lé e. Èmi, àlọ àti àbọ̀ ni mo san, orí àkáǹtì ọkọ ọmọ mi. Tóyìn dúró fún wákàtí kan gbáko pẹ̀lú àpótí ẹ̀. Nígbà tá a délé, ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní "Mummy, ẹ kú ìrìnàjò ma," mo ti rí ẹ̀rín létí ẹnu ẹ̀.

Ẹ lè kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Abuja, bó tiẹ̀ jẹ́ pé a ò ní irú ẹ̀. Kubwa ẹ̀sípírẹ́sì àti ọ̀nà Airport ní títì àárín àti títì ẹ̀gbẹ́, ẹnu ọ̀nà kéékèèké ló so wọ́n pọ̀. Láàárọ̀ Sunday tí ọ̀nà bá dá, ẹ mú ẹnu ọ̀nà kan kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní "ibí ni màá bọ́ sí," kẹ́ ẹ pa ohùn fóònù, kẹ́ ẹ bọ́ sí láìnì yín nígbà tó ṣì jìnnà, láì fẹ́ họ́ọ̀nù, láì kọjá 72. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, ẹ má fi rìfáàsì, ẹ lọ dé ti iwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá tèmi kí n tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo padà sí Boston lọ́dún kejì, pépà wà níwájú mi, mo bọ́ sí South Station bí ẹni bọ́ sílé.

Tẹ́ ẹ bá ti ń rí ìmọ́lẹ̀ àbájáde, ẹ má tíì tẹná mọ́tò. Nígbà òtútù, ilẹ̀ inú tọ́nẹ̀lì gbẹ, ti ìta lè ti di yìnyín, ẹsẹ̀ kúrò lórí epo díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ bréèkì gbì. Fóònù á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà. Ẹ má dá a lóhùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí òun fúnra ẹ̀ wà.